Kí ni búṣì ẹsẹ̀ tírélà?

Tírélà kékeré tí píkọ́ọ̀pù fi ń fa àga àti kánópì lọ sóde àríyá ni mò ń sọ, kì í ṣe àjàgbé. Bó bá kúrò ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọrí sọ́nà Ìkòyí-Ilé, tí abẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé sípíríǹgì ti rọ̀, ẹ fi bíléèdì kan sí i, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn di sípíríǹgì. Mo ti fi sí i rí. Igbe náà kò lọ. Búṣì ló ti jẹ tán.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo orí sípíríǹgì. Wọ́n ká a kó bí òrùka, bóòtù sì gba inú òrùka náà kọjá. Búṣì ni ohun roboto oníhò tó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí kò jẹ́ kí irin máa ha irin. Nígbàkigbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á nà, á tún ká padà, inú búṣì yìí ló sì ti ń yí. Irin pẹlẹbẹ méjì tó gbé ẹ̀yìn sípíríǹgì kọ́, tó ń jẹ́ kó rí àyè nà, la ń pè ní ṣákù. Òun náà ní búṣì tirẹ̀.

Ike ni búṣì tó máa ń bá ọ̀pọ̀ tírélà tòkunbọ̀ wá. Irú ẹsẹ̀ kan náà ló wà lábẹ́ ilé alágbèéká tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi mọ́tò fà kiri, ike a sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀dà tó dán. Lórí ilẹ̀ pupa tiwa, iyanrìn á wọ inú rẹ̀, á lọ̀ ọ́. Bí ike bá tán, bóòtù á máa jẹ ṣákù, ihò roboto á gùn bí ẹyin. Ọjọ́ tí ṣákù bá já, àsù, ọ̀pá irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, á sún kúrò láyè rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lójú ọ̀nà àtijọ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí àjàgbé wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidigidi.

Ohun tó tọ́ sírú ọ̀nà wa ni búṣì idẹ, pẹ̀lú bóòtù tí wọ́n lu ihò sínú rẹ̀, tó ní nípù, ẹnu kékeré tí a ń fa gírísì sí, lórí. Gírísì á gba nípù wọlé, á jáde láàárín búṣì. Ẹ kọ ihò yẹn sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá wà níbi tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́, ó máa dí. Eyín wà lọ́rùn bóòtù náà tó ń gé wọ ara ṣákù, nítorí náà nọ́ọ̀tì ni kí wọ́n fún, kí wọ́n má yí orí bóòtù. Ṣákù tó nípọn tó ìlàjì íǹṣì dára ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Bíléèdì tí ẹ bá fi kún un kàn ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ le ni, gbogbo kòtò á máa lu ẹrù yín. Agbára àsù kò sì tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ fi jáàkì gbé férémù kí ẹ tó fa gírísì. Bí ẹrù bá ṣì tẹ̀ ẹ́, gírísì kò ní dé ìhà tí bóòtù ti fara ti búṣì, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń jẹ. Bó ṣe wà lórí jáàkì náà, ẹ fi ọ̀pá irin ti ṣákù sókè. Bí bóòtù bá ń mì nínú ihò rẹ̀, ẹ tú u lọ́jọ́ náà.