Wáìnì tó ń hó: ẹ kọ́kọ́ ka ara ìgò

Ẹni tó ra Champagne ra ọtí, ó sì tún ra orúkọ. Àgbègbè kan ṣoṣo nílẹ̀ Faransé ló ni orúkọ náà, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹ wá “Crémant” lára ìgò, yálà ti Loire, Alsace tàbí Limoux, nílẹ̀ Faransé kan náà, tàbí kí ẹ wá “Cava” láti Sípéènì. Inú ìgò tí ẹ máa ṣí gan-an ni ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà tó sì tú gáàsì sílẹ̀, bíi ti Champagne, ọtí náà á sì wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà ọ̀hún fún oṣù 9 ó kéré tán. Ibẹ̀ ni òórùn búrẹ́dì inú rẹ̀ ti ń wá. Inú táǹkì ńlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe Prosecco ti Ítálì sí. Kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n ẹ tètè mu ún, kò sí èrè nínú títọ́jú rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kọ bí ọtí ṣe dùn tó sára ìgò. “Extra Dry”, tó túmọ̀ sí “aláìdùn gan-an”, máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ó dùn ju “Brut” lọ! Ṣúgà inú Brut kì í tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. Ti Extra Dry lè dé 17, ti Demi-Sec lè dé 50.

Òtútù ló kàn, ibẹ̀ sì ni wáìnì gidi ti ń bàjẹ́ mọ́ onílé lọ́wọ́. Ìwọ̀n 6 sí 8 Sẹ́ńtígíréédì ló dáa. Fìríìjì á gbà tó wákàtí 3. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ da yìnyín àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó mu ìgò dé ọrùn. 30 ìṣẹ́jú ti tó. Yìnyín nìkan ò ṣe é, torí kì í kan gbogbo ara ìgò. Ìgò tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ilẹ̀ ni yóò mu nínú rẹ̀ jù, torí gáàsì kì í fẹ́ dúró nínú ohun tó gbóná.

Agbára gáàsì yẹn ju ìlọ́po méjì ti inú táyà mọ́tò lọ. Bí ẹ bá ti tú wáyà, àtàǹpàkò ò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ́ọ̀kì. Ẹ dẹ ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin. Ìgò ni kí ẹ máa yí. Bí kọ́ọ̀kì bá ń ti ọwọ́ yín sókè, ẹ rọra tì í padà. “Ṣìì” ló yẹ kó dún. “Gbàù” ń dùn létí lóòótọ́, àmọ́ gáàsì tí ẹ fowó rà ló ń lọ yẹn.

Gíláàsì tí ọṣẹ tàbí òróró ṣẹ́kù sí kì í jẹ́ kí ọtí hó. Ẹ fi omi gbígbóná lásán ṣàn án. Ẹ da díẹ̀, kí ìfófò wálẹ̀, kí ẹ tó dà á kún.

Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Ṣíbí tí àwọn kan ń kì bọ ẹnu ìgò kò ṣe nǹkan kan. Ìdérí tó ń há mọ́ ọrùn ìgò ni kí ẹ fi dé e, kó wà nínú fìríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ 2.