Kọ̀nfẹ́yọ̀ kì í ṣe ọ̀nà nìkan: ìrìn ìgò mínírà láti ibi ìfọ̀ dé orí páálẹ̀ẹ̀tì

Ariwo ni àlejò kọ́kọ́ ń gbọ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ mínírà sínú ìgò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò ló ń kan ara wọn lórí páànù irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n, tó ń fà wọ́n lọ. Kọ̀nfẹ́yọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀nà ni: ìgò kúrò níbí, ó dé ọ̀hún. Àmọ́ gbígbé ìgò rìn kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Àká ni kọ̀nfẹ́yọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń lọ́ kiri inú ilé bí ejò, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì tó so pọ̀ kò jìnnà síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìgò onígíláàsì, irú èyí tí wọ́n ń san owó ìgò lé lórí. Inú kéréètì ló wà nígbà tó ti ọjà dé, òun àti 23 mìíràn. Ẹ̀rọ kan sọ̀ kalẹ̀, ó di gbogbo wọn lọ́rùn mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó wọn jáde. Kéréètì òfìfo gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìgò wọ ẹ̀rọ ìfọgò, wọ́n rì í sínú omi kọ́sítíìkì, èyí táwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ dáadáa, tó gbóná tó nǹkan bí 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ṣàn án, omi náà á sì máa tutù sí i díẹ̀díẹ̀, torí gíláàsì gbígbóná tí omi tútù bá bá lójijì, fífọ́ ló máa fọ́.

Fífọ̀ nìkan kò tó. Gbogbo wa la mọ ohun tójú ìgò mínírà máa ń rí kó tó padà délé: ẹlẹ́pà ti kó ẹ̀pà sí i, ẹlòmíràn ti fi ra kẹrosíìnì, ọmọdé ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ tí kò ṣeé yọ mọ́. Nítorí náà, kámẹ́rà wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọgò. Iná tàn láti ìsàlẹ̀, kámẹ́rà ń wo ìdí ìgò láti òkè. Òmíràn ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti ṣẹ́. Òmíràn ń wo ara rẹ̀. Nǹkan mìíràn tún ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi kọ́sítíìkì ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Nílé-iṣẹ́ tó ń rọ ìgò 36,000 ní wákàtí kan, ìgò 10 ló ń kọjá lójú kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ojú èèyàn ò lè bá a débẹ̀.

Kámẹ́rà rí àléébù o, ṣùgbọ́n kò lọ́wọ́ tí yóò fi yọ ìgò náà. Ọwọ́ kékeré tí afẹ́fẹ́ ń tì ló máa yọ ọ́, ọwọ́ ọ̀hún sì wà níwájú díẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń ka bí kọ̀nfẹ́yọ̀ ṣe ń yí, ó ń bá ìgò burúkú náà bọ̀ nínú ìrántí rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí tó fi dé ọ̀gangan ọwọ́ náà. Pàá! Ó ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti mọ̀ pé ojú kámẹ́rà ò tíì fọ́, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ìgò tí wọ́n mọ àléébù rẹ̀ sáàárín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ kó kọjá, iṣẹ́ á dúró ná.

Ìgò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n jáde nínú ẹ̀rọ ìfọgò, bẹ́ẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń rọ mínírà ń gbà wọ́n. Báwo lèrò ṣe ń di ìlà kan láìsí pé wọ́n tira wọn ṣubú? Ẹ̀wọ̀n mélòó kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkejì ń sáré ju ìkíní lọ, ìkẹta ń sáré ju ìkejì. Irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dàgẹ̀rẹ̀, ó ń darí ìgò láti orí èyí tó lọ́ra sórí èyí tó yá; èyí tó kọ́kọ́ débẹ̀ á já síwájú, àyè á ṣí fún èyí tó tẹ̀ lé e. Omi ọṣẹ tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹ̀wọ̀n ni kì í jẹ́ kó gbá ìdí ìgò mú jù nígbà tí ìgò bá ní láti dúró. Síbẹ̀ náà, ibi fífún yìí ni ìgò ti sábà máa ń ṣubú, ìgò kan ṣoṣo tó bá sì dábùú lè dí ọ̀nà pa.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó rí roboto ń yí láìdúró. Ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan. Afẹ́fẹ́ gáàsì kọ́kọ́ wọnú ìgò títí agbára rẹ̀ fi bá ti inú táńkì dọ́gba, mínírà wá ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ láìhó. Lójú ẹsẹ̀ ni ìdérí bọ́ sórí rẹ̀, ìdérí eléyín 21 tí a mọ̀ dunjú, tí William Painter ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní 1892.

Ẹ̀rọ tó ń rọ mínírà yìí ni ọba. Kì í ṣe pé ó yá jù. Òun ló lọ́ra jù, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ká pe ibi tí ìgò ti ń bọ̀ ní òkè odò, ká pe ibi tó ń lọ ní ìsàlẹ̀ odò. Bí ẹ̀rọ bá ṣe jìnnà sí ọba tó, yálà lókè odò tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eré tó lè sá ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹ̀rọ ìfọgò bá dúró fún ìṣẹ́jú 2, ó lè sáré lẹ́yìn náà kó lé ohun tó sọnù bá. Bí ọba bá dúró fún ìṣẹ́jú 2 nílé-iṣẹ́ ìgò 36,000 yẹn, ìgò 1,200 ti lọ nìyẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí i padà, torí kò ní eré mìíràn tó lè sá. Èyí tí wọ́n rọ tí wọn ò tíì dé lérí á tún máa pàdánù gáàsì níbi tó dúró sí.

Ibí ni iṣẹ́ àká ti bẹ̀rẹ̀. Lókè odò, kọ̀nfẹ́yọ̀ gbọ́dọ̀ máa kún, kí ebi ìgò má pa ọba bí ẹ̀rọ ìfọgò bá kọṣẹ́. Nísàlẹ̀ odò, ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kí ìgò ríbi dúró sí bí ẹ̀rọ tó ń kó wọn sí kéréètì bá kọṣẹ́. Àlejò tó rí kọ̀nfẹ́yọ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ọba á rò pé iṣẹ́ ń falẹ̀. Rárá o, ó ń lọ geere ni.

Ká ní àká òkè odò gba ìgò 1,800. Ìṣẹ́jú 3 ni ọba fi lè jẹun nínú rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìfọgò bá dúró. Ó wá ku bí àká náà ṣe máa kún padà. Bí ẹ̀rọ ìfọgò bá fi ìdá 10 nínú 100 yá ju ọba lọ, ìgò kan péré ló ń jèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko ni yóò gbà. Bó bá tún kọṣẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, àká kò tíì kún. Ìdádúró kéékèèké tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ló ń ba ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ju ọ̀kan ńlá lọ.

Ta ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó sáré tàbí kó rọra? Ojú iná tó wà létí ọ̀nà ni. Bí ìgò bá ń kọjá, iná náà á máa ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá dí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan láìṣẹ́jú, a jẹ́ pé ìgò ti tò dúró débẹ̀. Ìròyìn yẹn ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PLC, tó ń ka gbogbo ojú náà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ń pàṣẹ. Kí irú rẹ̀, Modicon 084, tó jáde ní 1969, ẹni tó bá fẹ́ yí ètò ẹ̀rọ padà ní láti tú wáyà, kó tún un so.

Nísàlẹ̀ odò pátápátá, àwọn ife rọ́bà bọ́ sórí ọrùn ìgò 24, afẹ́fẹ́ wú rọ́bà náà, ó di ọrùn mú láìfọ́ ọ, ó kó wọn sínú kéréètì. Kéréètì tó kún wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 20, 25 ló sì ń dé ní ìṣẹ́jú kan: tọ́ọ̀nù 30 ní wákàtí kan. Ẹ̀yìn alábàárù wo ló fẹ́ gbé e? Iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì nìyẹn, ọmọ ìran Unimate, rọ́bọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní New Jersey ní Amẹ́ríkà ní 1961. Ó lè má ní ojú rárá. Ibì kan náà ni kéréètì máa ń wá dúró sí, ibẹ̀ ló sì ń na ọwọ́ sí. Bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ló ń tò wọ́n sórí páálẹ̀ẹ̀tì, pẹpẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé: ìlà òkè kì í ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè di ara wọn mú.

Ọgbà irin yí i ká. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣílẹ̀kùn ọgbà náà, rọ́bọ́ọ̀tì á dúró lójú ẹsẹ̀. Kéréètì á bẹ̀rẹ̀ sí í tò, ìgò á tò lẹ́yìn kéréètì, àká tó ṣófo á máa kún bọ̀ lọ́dọ̀ ọba. Òṣìṣẹ́ tó wọlé lọ yọ kéréètì tó dábùú mọ iye ìṣẹ́jú tó ní kó tó jáde, kó sì ti ilẹ̀kùn.