Tí Ilẹ̀ Bá Ṣú Nínú Fíìmù, Ta Ló Ń Tan Iná?

Ìbéèrè: Òru ni, inú igbó ni, kò sẹ́ni tó gbé àtùpà. Síbẹ̀ à ń rí omijé lójú òṣèré. Báwo?

Ìdáhùn: Iná wà níbẹ̀, wọn ò kàn jẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni. Kámẹ́rà tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kò ní rí nǹkan yà. Wọ́n lè gbé iná ńlá gun orí kéréènì, kí wọ́n tàn án láti ẹ̀yìn òṣèré, kí èjìká àti irun rẹ̀ lè yọ kúrò lára igi tó wà lẹ́yìn. Òǹwòran á ní òṣùpá ni.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí òru wọn fi ń ní àwọ̀ búlúù?

Ìdáhùn: Ojú wa ló bá wọn dá a sílẹ̀. Òṣùpá fúnra rẹ̀ kò tan búlúù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń dá padà. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, sẹ́ẹ̀lì ojú tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti tó kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa. Jan Purkinje, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Czech, ti kíyè sí i ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn: òdòdó pupa a tètè dúdú lójú wa, nígbà tí ewé àti ohun aláwọ̀ búlúù ṣì ń hàn. Díẹ̀ yẹn ni àwọn onífíìmù sọ di púpọ̀. Èmi ò tíì rí òru tó búlúù tó ti Hollywood.

Ìbéèrè: Ṣé alẹ́ ni wọ́n ń yà á lóòótọ́?

Ìdáhùn: Nígbà míì, ọ̀sán gangan ni. Ẹ wo Mad Max: Fury Road tí George Miller darí, tó jáde ní 2015. Aṣálẹ̀ Namibia ni wọ́n ti ya òru inú rẹ̀, oòrùn sì ń ràn. Àwọn ará àtijọ́ a máa dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà kù. Àwọn wọ̀nyí fi kún un, kí ohun tó wà lábẹ́ òjìji má bàa sọnù. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti wá sọ ọ́ di òru, tí wọ́n fi búlúù kùn ún. Ohun tí kámẹ́rà bá ti gbà sílẹ̀ ṣeé fi pamọ́; èyí tí kò gbà, kò sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ mú un wá.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tá ò rí nǹkan kan nínú ogun òru tó wà nínú Game of Thrones, eré orí tẹlifíṣọ̀n yẹn?

Ìdáhùn: “The Long Night” lẹ ń sọ, apá kan nínú eré náà tó jáde ní April 2019. Fabian Wagner tó yà á ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tún tẹlifíṣọ̀n wọn tò dáadáa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kí fíìmù tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, wọ́n á fún un mọ́ra, ibi tó ṣókùnkùn ló sì máa ń tètè bàjẹ́. Ká má tíì sọ ti ẹni tó ń fi fóònù wò ó lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n oníwàásù tí ìjọ ò gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í ṣe etí wọn ló yẹ kó bú.

Ìbéèrè: Géèmù ńkọ́?

Ìdáhùn: Tiwọn le jù, torí ìwọ tó ń gbá a lo wà nínú òkùnkùn. Nínú Doom 3 (2004), tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn kì í wà lọ́wọ́ pa pọ̀: o fẹ́ ríran ni, àbí o fẹ́ yìnbọn? Àwọn èèyàn ráhùn gan-an. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde ní 2012, wọ́n jẹ́ kéèyàn lè lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi, wọ́n ti yọ eyín rẹ̀.