Kíkọ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì

Kíkọ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni kí aláìsàn má gbà kí ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ gún òun lábẹ́rẹ́, kí ó wẹ egbò òun, tàbí kí ó dúró ti òun níbi ìrọbí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti sábà máa ń jẹ yọ. Ní àríwá Nàìjíríà, irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ní Gwagwalada lágbègbè Àbújá, ní Ṣíkà nítòsí Zaria, àti ní Ìlọrin.

Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ó lè kọ̀, kí ó sì ṣàlàyé ewu tó wà nínú kíkọ̀ náà, ní èdè tó yé e bó bá ṣeé ṣe. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 náà fara mọ́ ẹ̀tọ́ yìí.

Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ á so rọ́bà mọ́ apá, á máa fìka wá iṣan, bó bá gún un tí ẹ̀jẹ̀ kò yọ, aláìsàn á fa ọwọ́ rẹ̀ padà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí kọ́ṣẹ́. Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì.” Èdè tún wà níbẹ̀. Ìyá àgbà Yorùbá tó ń bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Kubwa lágbègbè Àbújá lè má gbọ́ Haúsá, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má sì gbọ́ Yorùbá. Ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, ọ̀pọ̀ obìnrin Mùsùlùmí, àti Haúsá àti Yorùbá Ìlọrin, kì í fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin, nítorí ẹ̀sìn wọn kò fẹ́ kí wọ́n ṣí ara sílẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì àfi bó bá di dandan. Èyí kì í ṣe àrífín sí akẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Ohun tó ń dun àwọn aláìsàn mìíràn ni pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì àgbà kọ́kọ́ wí pé: “Mama, akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí, mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé kó wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín?” Ẹni tó gbà fún èyí lè kọ abẹ́rẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ falẹ̀ nítorí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́kọ́ fi apá rọ́bà dánra wò kó tó dé wọ́ọ̀dù. Àmọ́ iṣan arúgbó tó máa ń yẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ara ènìyàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.