Ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú

Ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sikọ́láṣíìpù ẹgbẹ́, ni owó tí àwọn ọmọ ìlú kan dá jọ láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí i san. Àwọn tó ń bójú tó o kì í gba owó oṣù. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ráyè ṣe é. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìjọ àti ẹgbẹ́ mùsùlùmí, Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ìlú Ìjẹ̀bú (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra), àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba, tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ó tún yàtọ̀ sí owó yíyá, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá a padà.

## Ìtàn

Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú tó máa san owó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Offa Descendants' Union ló wà nídìí Offa Grammar School, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1943. Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ mùsùlùmí, tí òbí wọn ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá lọ sí ti ìjọ, wọn yóò di onígbàgbọ́.

Rírán ọmọ lọ kàwé lórúkọ ìlú kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àpẹẹrẹ tí àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Ibibio State Union ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ 6 lọ sí òkè òkun ní 1938 pẹ̀lú owó tí ará ìlú dá. Ní 1945, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n ṣí i nílé, ní Ilé-Ifẹ̀, tí Sir Adéyẹmọ Alákijà sì di ààrẹ. Ríran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà kéde pé òun fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀: bàbá rẹ̀ kú ní nǹkan bí 1920 nígbà tó ṣì kéré, ó sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Abẹ́òkúta kó tó lè máa kàwé lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́. Ó jọ pé nǹkan méjèèjì yìí ló yí ojú àwọn ẹgbẹ́ kúrò lára ilé kíkọ́, sí owó fún ọmọ girama àti ti yunifásítì.

## Ìforúkọsílẹ̀

Ní Nàìjíríà, CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ló ń forúkọ irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2020. Orúkọ àwọn alágbàtọ́ (trustees), tó ń di ohun-ìní ẹgbẹ́ mú, ló máa ń wà nínú ìwé náà. Wọ́n á gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ 2, ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí i á sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Òfin kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ pín owó tó wọlé bí èrè. Báǹkì náà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó èrú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké kò forúkọ sílẹ̀ rárá. Àkáǹtì ènìyàn méjì ni wọ́n ń lò, èyí sì máa ń di wàhálà bí ọ̀kan nínú wọn bá kú.

## Orísun owó

Owó ẹgbẹ́ oṣooṣù, ayẹyẹ ìkówójọ, èlé orí aṣọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀bùn àwọn tó wà lókè òkun ni orísun mẹ́rin tó wọ́pọ̀. Ayẹyẹ ìkówójọ ló ń pariwo jù, òun ló sì nílò ìṣọ́ra jù. Owó tí ènìyàn ké jáde lórí gbohùngbohùn, tí onílù sì fi orúkọ rẹ̀ lù, ìlérí ni títí yóò fi wọ àkáǹtì. Akápò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fa ìlà sáàárín ìwé, á kọ «ìlérí» sí ọwọ́ kan, «ó wọlé» sí ọwọ́ kejì. Èyí tó wọlé nìkan ni wọ́n á fi ka iye ọmọ tí wọ́n lè gbà lọ́dún náà.

Ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ ń gbà ná owó. Àwọn kan ń ná gbogbo èyí tó bá wọlé lọ́dún. Àwọn mìíràn ń fi owó ńlá kan pamọ́ bí owó ìpìlẹ̀, èlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ná. Ọ̀nà kejì ló dà bí èyí tó fìdí múlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ngógó ọjà lè jẹ ẹ́ láti inú. Ká sọ pé ẹgbẹ́ kan ní ₦10,000,000 tó ń mú èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wá. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ₦50,000, ọmọ 20 ni èlé náà tó fún. Bó bá di ₦125,000, ọmọ 8 péré ni. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 2023, Yunifásítì Èkó kéde owó tó lé ní ₦100,000 fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san nǹkan bí ₦19,000 tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀wọ́ngógó ọjà sí ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀bùn tó bá ti òkè òkun wá ń rìn lódìkejì. Ṣáájú oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦46,000 ni $100 ń di ní báǹkì. Láàárín 2024, ó ti lé ní ₦150,000. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ kan kò fi kọ iye náírà sínú ìwé àdéhùn wọn mọ́. «Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan» ni wọ́n ń kọ.

## Yíyan akẹ́kọ̀ọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le jù. Ní ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣòwò, tí wọ́n ń dáko tàbí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kò sí ìwé owó oṣù tí ìgbìmọ̀ lè yẹ̀ wò láti mọ ẹni tó tòṣì. Fọ́ọ̀mù a máa béèrè iṣẹ́ bàbá àti ìyá, iye ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń san owó ilé, àti bóyá òbí kan ti kú. Wọ́n á tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, pásítọ̀, lèmọ́mù tàbí baálẹ̀. Ìwé baálẹ̀ dára fún mímọ̀ bóyá ọmọ ìlú ni lóòótọ́. Fún mímọ̀ bóyá ó tòṣì, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí ó ṣòro kí baálẹ̀ lé ọmọ tó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo.

Àbẹ̀wò sílé ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í béèrè bóyá wọ́n ní owó tàbí wọn ò ní. «Ẹ jọ̀wọ́ ma, ta ló san ti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá?» ni yóò sọ, á sì ní kí wọ́n fi rìsíìtì hàn òun. Bí ìyá náà bá wọlé lọ, tó tú ọ̀rá kan, tó kó rìsíìtì mẹ́rin jáde fún tẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo, ₦5,000, ₦3,000, ₦7,000, ₦2,000, tí èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ ìdánwò, àwọn rìsíìtì yẹn ti sọ ju ohun tí ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lè sọ lọ. Àbẹ̀wò tún máa ń tú àṣírí òdìkejì: ọmọ tó kọ ọ́ pé aláìní ni òun, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ń san ohun gbogbo.

Ìtìjú ń jẹ́ kí àwọn tó yẹ kó gbà á má wá. Àwọn òbí kan gbà pé kíkọ orúkọ ọmọ àwọn sínú ìwé aláìní dà bí títa orúkọ ìdílé. Nítorí èyí, àwọn ẹgbẹ́ kan kò fi ọ̀rọ̀ «tálákà» sára fọ́ọ̀mù mọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kó fi orúkọ ránṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́.

Àríyànjiyàn tó ti pẹ́ ni ti ọpọlọ àti àìní. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀, nítorí òun ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kiri ọjà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ní àkókò ìwé kan náà pẹ̀lú ọmọ tó ní olùkọ́ àdáni. Bí wọ́n bá fi máàkì nìkan yàn, ó ṣeé ṣe kí owó náà máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí àìní wọn kò le jù. Àwọn kan ń yanjú rẹ̀ báyìí: èsì WAEC á jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán, ẹni tó bá ti wọlé, àìní ni wọ́n á fi tò wọ́n.

Ọmọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń kọ fọ́ọ̀mù. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi nọ́ńbà bo orúkọ mọ́lẹ̀, kí ẹni tó bá ní ìbátan nínú wọn sì bọ́ síta. Ní ìlú kékeré, nọ́ńbà kì í fi bẹ́ẹ̀ bo nǹkan kan. Àdírẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ bàbá nìkan ti tó kí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

## Bí owó ṣe ń dé ilé-ẹ̀kọ́

Láti 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó owó rẹ̀ sójú kan, orí Remita, ìkànnì ìsanwó kan, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ń gbà gba owó. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ ojúewé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, á gba nọ́ńbà 12 tí wọ́n ń pè ní RRR, á sì fi í ránṣẹ́ sí akápò. Kí akápò tó san, á wo ohun mẹ́ta tó jáde lórí ẹ̀rọ: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, iye owó, àti ohun tí wọ́n ní owó náà wà fún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni RRR tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà fún sẹ́ṣọ̀n tó ti kọjá. Owó tó bá wọ irú rẹ̀ lọ ṣòro gbà padà.

Ọ̀nà yìí kò fi àyè sílẹ̀ kí owó gba ibòmíràn lọ, kò sì sí ẹni tó ń rọ akápò láti «fi síkàáwọ́ òun». Àléébù rẹ̀ ni pé oúnjẹ, owó ọkọ̀, yàrá àti ìwé kì í sí nínú RRR, àwọn wọ̀nyí gan-an ló sì ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nílé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó tán. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan ṣe ń pín ẹ̀bùn sí méjì: apá kan sí ilé-ẹ̀kọ́, apá kan sí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, náà ń da ètò rú. Ti 2022 gba oṣù 8, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọdún náà. Ẹgbẹ́ tó ṣèlérí «ọdún mẹ́rin» rí i pé àdéhùn ti pé nígbà tí ọmọ ṣì wà ní 300 lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn ìpele kẹta. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ń kà báyìí, kì í ṣe ọdún.

## Ìwé akápò

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé ni ẹgbẹ́ fi ń ṣọ́ owó. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó kó tó jáde, ẹni tó bá sì yan akẹ́kọ̀ọ́ kò yẹ kó jẹ́ òun ni yóò sanwó. Ohun kékeré ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báǹkì ń yọ ₦50 lára owó tó bá tó ₦10,000 tó wọ àkáǹtì. Akápò kọ ₦50,000, akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí ₦49,950, ayẹ̀wé-owó-wò á sì béèrè ibi tí ìyókù gbà.

Owó iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni àwọn olùtọrẹ kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo kọ́bọ̀ dé ọwọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n àbẹ̀wò sílé ń jẹ epo ọkọ̀. Níbi tí kò bá sí àyè fún un nínú ìwé, àpò ara wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń ná, títí tí yóò fi sú wọn. Akọ̀wé tó bá jápa náà máa ń gbé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta lọ nínú fóònù rẹ̀ láìmọ̀.

Àwòrán ọmọ tó di páálí ṣẹ́ẹ̀kì ńlá mú ti di àríyànjiyàn. Olùtọrẹ fẹ́ rí i. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì ń béèrè ìṣọ́ra lórí ìsọfúnni ẹni.

## Ní òkè òkun

Ní England àti Wales, ẹgbẹ́ àánú tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £5,000 lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission. Gift Aid, ètò owó-orí ìjọba ibẹ̀, sì ń fi 25p kún £1 tí asanwó-orí bá fi tọrẹ. Ní Amẹ́ríkà, 501(c)(3), ipò ẹgbẹ́ àánú lábẹ́ òfin owó-orí, ni ọ̀pọ̀ ń wá, kí olùtọrẹ lè rí ìdínkù owó-orí.

## Owó yíyá ìjọba

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2024, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ fún owó yíyá tí kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Fọ́ọ̀mù àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti gbà á, kí wọ́n má bàa san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìdánwò WAEC àti NECO kò sí nínú ètò náà. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìlú àti àwọn ẹbí ni ìyẹn ṣì wà.