Igbó Mígán ní Àjàṣẹ́: èèwọ̀ ló dá a sílẹ̀ kí Faransé tó dé

Bí o bá béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá Jardin des Plantes et de la Nature sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ọdún 1895 ni wọn yóò sọ fún ọ. Irọ́ kọ́. Ọdún náà ni ìjọba Faransé gba ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà. Ṣùgbọ́n ta ló gbin àwọn ìrókò àtijọ́ ibẹ̀? Ta ló kó ọ̀bọ wá? Ta ló ránṣẹ́ pe àdán? Kí ibẹ̀ tó di ọgbà, Igbó Mígán ló ń jẹ́, igbó èèwọ̀ sì ni. Èèwọ̀ yẹn ni mo gbà pé ó dá ibi ààbò ẹyẹ àti ẹranko yìí sílẹ̀. Ìwé gómìnà kàn bá a níbẹ̀ ni.

Ìlú náà fúnra rẹ̀, inú igbó ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbà Yorùbá Àjàṣẹ́ ní àwọn ọdẹ ló dẹ̀gbẹ́ dé ibẹ̀, tí wọ́n rí abàmì olórí mẹ́sàn-án tó yọ láti inú òkìtì ọ̀gán. Ojúbọ ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe, ojúbọ náà sì wà ní Avessan títí di òní. Àdúgbò Accron ni àwọn Yorùbá tẹ̀dó sí. Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Tê Agbanlin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti Allada dé, tí wọ́n sì fi ìdí ìjọba tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu múlẹ̀. Nínú ìtàn wọ̀nyí, ohun kan ló ń wù mí jù: ọdẹ ló débẹ̀, ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ya apá kan ilẹ̀ sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹni tó bá ti Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú wá lè máa wò ó pé kí ló wà nínú igbó kékeré bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Igbó kìjikìji tó bo etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ẹyọ kan tó so pọ̀. Láti ìlà-oòrùn Ghánà, gba Togo kọjá, títí wọ Benin, ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun, ó sì pín igbó náà sí méjì. Dahomey Gap ni àwọn onímọ̀ ń pe àlàfo yìí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn tí ọ̀gbẹlẹ̀ lé igbó kúrò níbẹ̀, òjò tó sì ń rọ̀ ní gúúsù Benin báyìí, tó máa ń wà ní àyíká mílímítà 1,200 lọ́dún, kò pọ̀ tó èyí tó ń rọ̀ níbi tí igbó ńlá wà. Nítorí náà, igbó tó ṣẹ́ kù síbí wà ní púlẹ́púlẹ́: lẹ́bàá odò, nínú àbàtà, àti níbi tí òrìṣà bá ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀. Ẹranko igbó tó bá wà láàyè ní agbègbè yìí, inú irú púlẹ́púlẹ́ bẹ́ẹ̀ ló forí pamọ́ sí.

Mígán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó ga jù láàfin Hogbonu. Ọ̀ràn ikú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣẹ àṣẹ ọba lórí ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Igbó tó bá ń jẹ́ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wọ̀ ọ́ lọ ṣẹ́gi? Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Orò rí nílùú Yorùbá, bẹ́ẹ̀ sì ni igbó Zàngbétò lọ́dọ̀ àwọn Gùn. Wọn kì í gé igi ibẹ̀, wọn kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, wọn kì í fi iná sun ún. Ẹni tí ètùtù bá gbé wọ̀ ọ́ á ṣe ohun tó wá ṣe, á sì jáde. Kò sí ẹni tó ń ka ẹyẹ níbẹ̀, ẹyẹ sì ń pọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ṣọ́ igbó náà, mi ò sì ní fi ìfẹ́ ẹranko bo ọ̀rọ̀ náà lójú. Ẹ̀rù náà ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọdún 1895 fi dé, Toffa ló wà lórí ìtẹ́. Ó jọba láti 1874 títí di 1908, ó sì ti gbá Faransé mú nítorí ogun Abomey. Béhanzin, ọba Abomey, ti ṣubú, Dahomey, tó wá di Benin, ti di kóloní ní 1894, Victor Ballot ni gómìnà. Ọgbà ìdánwò ni irú ọgbà tí Faransé ń ṣe káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n gbà: ibi tí wọ́n ti ń wò bóyá kọfí, kòkó, igi rọ́bà àti igi ilẹ̀ òkèèrè míì yóò gbà nílẹ̀ náà. Ní 1899 wọ́n dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Nogent-sur-Marne, lẹ́bàá Paris, láti máa fi irúgbìn ránṣẹ́ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Èrè ni wọ́n ń wá. Ó dùn mí pé wọ́n gba igbó ìlú ṣe é; síbẹ̀ ó yẹ ká sọ pé wọn ò gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn igi ńlá kan dúró, igi àlejò dúró tì wọ́n, ibẹ̀ sì di àdàlù tó wà dòní.

Ọ̀bọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wò níbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mona. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn àti inú apá rẹ̀ funfun. Bí ó bá yí ẹ̀yìn sí ọ, wàá rí àmì funfun méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìdí ìrù, ọ̀kan lápá òsì. Ó ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Á kó èso sínú rẹ̀ wàràwàrà títí ojú rẹ̀ á fi wú, lẹ́yìn náà ni á gun orí igi lọ láti jẹ ẹ́ ní ìrọ̀rùn. Ohun tó ń dà mí láàmú nípa wọn ni pé ilé àti títì ló yí wọn ká. Ọ̀dọ́ akọ tó bá fẹ́ kúrò nínú agbo baba rẹ̀ kò rí igbó míì tó lè lọ. Búrẹ́dì tí àlejò ń jù sí wọn kò yanjú èyí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tó ni iṣẹ́ jù nínú igbó yìí, àdán ni. Kì í ṣe àdán kékeré tó ń jẹ kòkòrò ni mò ń wí. Èyí tó tóbi ni, tí irun ọrùn rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ìyẹ́ rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75 bó bá nà án tán. Eidolon helvum ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, bí a bá lè pè é ní oorun: ariwo wọn kò dáwọ́ dúró, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ ara wọn nínú ooru. Ìran wa ti ń wò wọ́n tipẹ́. Àwa náà la sọ pé àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á ṣí lọ wá oúnjẹ.

Èso ìrókò wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Abo nìkan ló ń so. Èso náà gùn tó ìka ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ tutù bí ewé àní bó bá pọ́n, ẹran inú rẹ̀ rọ̀, irúgbìn rẹ̀ sì wẹ́ púpọ̀. Àdán á já a, á jẹ ẹ́ lẹ́nu, á gbé omi àti irúgbìn mì, á sì tu pàǹtí rẹ̀ dànù ní róbótó gbígbẹ. Irúgbìn tó gbé mì yóò yà sílẹ̀ níbi tó bá fò dé. Àwọn onímọ̀ tó so ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ mọ́ irú àdán yìí ní Ghánà ṣírò rẹ̀ pé ó lè gbé irúgbìn wẹ́wẹ́ dé nǹkan bí kìlómítà 75. Nítorí náà, ìrókò tí àwọn baba wa fi aṣọ funfun wé, tí wọ́n gbé ẹbọ sí nídìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdán ló gbìn ín. Èyí ló mú mi gbà pé igbó Mígán kò tíì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ibi tí àdán bá ti rí igi gíga sùn nínú ìlú, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin igi sí ìgbèríko.

Ẹ̀gà kò nílò igbó ńlá. Ọ̀pẹ tàbí igi kan tó dára ti tó o. Akọ ló ń hun ilé. Á ya ewé ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, á so ó mọ́ ẹ̀ka, á hun ún yípo, ẹnu ọ̀nà á wà nísàlẹ̀. Bó bá parí, á dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọn ìyẹ́, á máa ké pe abo kó wá wò ó. Ilé tútù ni abo ń fẹ́. Bí ewé bá gbẹ tí kò sì sí ẹni tó gbà á, akọ fúnra rẹ̀ á tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọmọ ìlú tó bá dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀ á rí gbogbo rẹ̀ láì san kọ́bọ̀.

Ti igún ló le. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Nígbà kan, igún wọ́pọ̀ lẹ́bàá ibi ìpẹran àti ààtàn àwọn ìlú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko, ti fi irú igún yìí sí ipele àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Májèlé wà nínú ohun tó fà á. Orí igún tí wọ́n ń tà fún oògùn náà sì wà nínú rẹ̀. Àwa tó ni èèwọ̀ la ń tà á. Ó ń bà mí nínú jẹ́ ju ohun tí Faransé ṣe ní 1895 lọ.

Kì í sì ṣe àlejò nìkan ló gé igbó. Lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba ní 1972, wọ́n gbógun ti àjẹ́ àti oṣó káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sì gé ọ̀pọ̀ igi ńlá tí wọ́n ní àjẹ́ ń ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń bọ igi nìkan ni igi gíga kù sí, ibẹ̀ náà ni àáké kọjú sí. Nígbà tí wọ́n ka àwọn igbó òrìṣà tó kù ní Benin ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí 2,940, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ hẹ́kítà 18,360 péré. Bí a bá pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó hẹ́kítà 7. Ní 2012 ni ìjọba ṣe ìwé àṣẹ tó fún igbó òrìṣà ní àyè nínú òfin. Nígbà tí wọ́n pinnu láti kọ́ ilé aṣòfin tuntun sí Àjàṣẹ́, Francis Kéré, ayàwòrán ilé, ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì mú un jọ igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ fi gbèrò. Inú mi dùn sí i. Kí igi tó jẹ́ igi gidi náà rí owó tirẹ̀ gbà.

Àwọn ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ tó ń gbin igi lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, ọjọ́ igi ní Benin, máa ń béèrè fún ìrókò. Ẹ má ṣe kún ilẹ̀ kan pẹ̀lú ìrókò nìkan. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Phytolyma. Ó máa ń mú ewé àti ojú ọmọ ìrókò wú, á sì rà, ọmọ igi á kú. Bí wọ́n bá wà lójú kan náà lọ́pọ̀ yanturu, kíá ni yóò mú gbogbo wọn. Ẹ gbìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín igi míì, sí abẹ́ òjìji díẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra wọn, gẹ́gẹ́ bí àdán ṣe máa ń gbìn ín.