Harvard ní bílíọ̀nù 53 dọ́là: kí ló dé tí wọn ò kàn ná an?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Trump dá owó ìwádìí tó lé ní bílíọ̀nù 2.2 dọ́là dúró fún Fásitì Harvard. Harvard fúnra rẹ̀ sì ní owó endowment, ìyẹn owó ìtọrẹ tí wọ́n fi ń ṣòwò kí èrè rẹ̀ lè máa ran fásitì lọ́wọ́, tó tó bílíọ̀nù 53.2 dọ́là níparí oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó wá di ìbéèrè lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: kí ni wọ́n ń pariwo fún?

Ṣé wọn ò lè fọwọ́ kan owó náà ni?

Èrè orí rẹ̀ ni wọ́n ń ná, wọn kì í jẹ ojú owó, ìyẹn owó tí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Kì í sì í ṣe àpò kan ṣoṣo. Àpò tó wà níbẹ̀ lé ní 14,000, oníkálukú pẹ̀lú ìwé àdéhùn tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ láti san owó oṣù ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò ṣeé fi tún òrùlé ṣe. Bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ló ní iṣẹ́ tí olùtọrẹ ti yàn fún un.

Èló ni wọ́n ń ná lọ́dún?

Bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún fásitì ní Nàìjíríà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Iye tí ẹ fẹ́ máa ná lọ́dọọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ ₦500,000 fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ní ìdá 5, ojú owó gbọ́dọ̀ tó ₦10,000,000. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú fásitì: orúkọ àpò náà, iṣẹ́ tó wà fún, ìdá tí wọ́n lè ná, ẹni tí yóò máa yan akẹ́kọ̀ọ́, àti ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yẹn bá kógbá sílé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Nígbà tí àwọn olùtọrẹ bá ti kú tán, owó á kàn jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà láìlọ sí kóòtù.

Tí a bá fi ra treasury bill, ìyẹn ká yá ìjọba lówó fún ìgbà díẹ̀ kó fi èlé san án, ṣé kò tó?

Ọ̀wọ́n gógó ọjà ló ń pa irú àpò yìí. Ká ní èlé jẹ́ ìdá 18, tí ọ̀wọ́n gógó sì jẹ́ ìdá 15. ₦10,000,000 á mú ₦1,800,000 wá, ṣùgbọ́n ₦1,500,000 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sínú àpò kí agbára owó náà má bàa dín kù. ₦300,000 péré ló ṣeé ná. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ máa fúnni ní ₦500,000 nílò nǹkan bíi ₦17,000,000, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ti dọ́là tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, ₦10,000,000 lé ní 21,000 dọ́là ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Níparí 2024, kò tó 7,000 mọ́. Ẹ pín owó náà sí bọ́ǹdì (owó tí a yá ìjọba tàbí iléeṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́) àti ṣíà (ìpín nínú iléeṣẹ́), kí ẹ sì jẹ́ kí dọ́là tí àwọn ará òkè òkun bá dá wà ní dọ́là. Ẹ má kọ iye náírà kan pàtó sínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ kọ ọ́ pé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀wọ́n gógó ni wọn yóò ná, kó má sì ju ìdá 5 lọ.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?

Kí fásitì yá a san owó oṣù nígbà tí owó ìjọba bá pẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yá a, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ṣe ìdúró gbèsè. Àkáǹtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà, kí ọwọ́ méjì máa bọ ìwé rẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ fásitì. Kí olùṣirò owó láti ìta yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Lọ́dún tí ìròyìn rẹ̀ ò bá dé, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un.

Tí a ò bá lè kó tó bẹ́ẹ̀ jọ ńkọ́?

Ẹ má dá endowment sílẹ̀. ₦2,000,000 ní ìdá 3 á mú ₦60,000 wá lọ́dún. Owó yẹn kan náà, tí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, á san ₦500,000 lọ́dọọdún fún akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọdún kìíní títí dé ọdún kẹrin.